Jangilófà Tájù àti Ààfin Olókun

Kí n má purọ́ fún yín: ó ti rẹ Tájù Odùkọ̀yà kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun alẹ́ kan lè wò sàn. Àárẹ̀ tó ti wọ egungun lọ ni, tó mú èjìká ọ̀tún, tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí, tó wá fi orúnkún ṣe ilé. Tó bá fẹ́ dìde lórí ẹní ìkírun, á kọ́kọ́ fọwọ́ tilẹ̀, á ní, “Yéè, Ọlọ́run mi ò,” kó tó nà tán. Káfíńtà ni ní Ajah níbí. Ó ń kan àga, ó ń kan ìlẹ̀kùn, ó ń tún ọkọ̀ ṣe fún àwọn apẹja. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é ní káfíńtà. Bàbá Jangilófà ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá jangilófà rẹ̀ láyé, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Òpó igi méjì ló rì mọ́lẹ̀ ní pápá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó yọ irin gbọọrọ kan lára lọ́rì tó ti kú, ó fi dábùú orí òpó méjèèjì, ó wá kan igi mọ́ irin náà kí ó lè máa yí. Ó so àpótí mẹ́rin rọ̀ sétí àwọn igi yìí, ọmọ méjì nínú àpótí kan. Bí ọ̀kan bá ń lọ sókè, èkejì á máa bọ̀ nílẹ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Tájù ni ẹ́ńjìnnì. Bí àpótí kan bá ti sọ̀ kalẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í lọ sókè, kó tó mí, òmíràn ti dé. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti Yídì dé títí ilẹ̀ á fi ṣú, ní Ìtunu Ààwẹ̀ àti ní Iléyá, ohun tó ń ṣe nìyẹn, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣe é.

Àwọn ọkùnrin á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọn á káwọ́ sẹ́yìn, ẹran ọdún á wà lẹ́nu wọn, wọn á ní, “Bàbá Jangilófà ń jayé o! Ó ń bá ọmọdé ṣeré!” Eré kẹ̀? Ó wù mí kí ọ̀kan nínú wọn gbé ẹran sílẹ̀, kó fọwọ́ ti àpótí yẹn títí di ìrun Àìlà, kí n wá wo bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa rí.

Èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni èyí tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bí ọmọdé ṣe ń ṣọdún. Bí wọ́n bá ti kírun tán, wọn á wọ aṣọ tuntun, wọn á máa ti ilé dé ilé lọ kí àwọn àgbà, kí wọ́n lè rí aṣọ náà, kí wọ́n sì fún wọn ní nǹkan díẹ̀ tí wọ́n máa fi gun jangilófà. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ọmọdé ló sì mọ ìyẹn jù. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá rí aṣọ rà, inú ilé ló máa ń wà. Á ní inú ń run òun. Ìyá rẹ̀ náà á ní inú ń run ún. Gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé inú kọ́.

Lọ́dún kan, nígbà ogun abẹ́lé, Modúpẹ́ àkọ́bí Tájù ni inú ń run. Iṣẹ́ kò sí, igi wọ́n, aṣọ kò ṣeé rà. Bàbá ń ti ọmọ ọlọ́mọ lọ sókè ní gbangba, ọmọ tirẹ̀ ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tó kírun Màgàríbì tán, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tí ènìyàn kò lè mọ aṣọ pupa yàtọ̀ sí aṣọ búlúù mọ́, ó lọ gbé ọmọ rẹ̀ wá, ó gbé e sínú àpótí, ó sì tì í títí ọmọ náà fi rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ mìíràn ti dúró síbẹ̀ lẹ́yìn Màgàríbì. Kò bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe. Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Láàárín Màgàríbì àti Ìṣáì, jangilófà kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, iná kankan kì í sì í tàn níbẹ̀. Ti àṣálẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ìyá tí kò bá rówó aṣọ á sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Fara balẹ̀, wàá lọ ti àṣálẹ́,” ọmọ á sì fara balẹ̀. Ìyá ẹlẹ́pà kan gbé àtùpà wá sí pápá ní wákàtí yẹn lọ́jọ́ kan, Tájù lé e bí ẹni lé ewúrẹ́. Obìnrin náà bú u pé ahun ni, pé kò fẹ́ kí òun tajà. Tájù ní bẹ́ẹ̀ ni, ahun lòun.

Nígbà tó fi máa di 1986, èjìká ọ̀tún kò gbéra kọjá etí mọ́. Mùínàt ìyàwó rẹ̀ ló ń fi òrí àti àdí ra á lálaalẹ́, tó sì ń fi ẹnu ra á pẹ̀lú.

“Bàbá Modúpẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ń lẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n máa ń fà á sílẹ̀ létí omi ni. Ẹ fi nǹkan yìí sílẹ̀.”

“Ta ló máa wá máa tì í?”

“Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, kó ti ara rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ bí ọmọ ní Ajah ni?”

Obìnrin ni gbogbo ọmọ wọn, wọ́n sì ti wà nílé ọkọ. Àwọn ọmọṣẹ́ tó kọ́ níṣẹ́ ti sá lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé kiri ní Ìlasàn, níbi tí owó ti ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tájù dùbúlẹ̀, ó wo àjà, ó sì sọ ohun tí kò sọ rí. Ó ní, “Ó ti sú mi, Mùínàt. Tí mo bá rí ẹni bá mi gbé e sọ̀, màá sọ̀ ọ́.”

Àfi bí ẹni pé Ọ̀gá Ọ̀ṣuntọ́lá ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ògiri. Ọ̀gá Bíọ́dún Ọ̀ṣuntọ́lá ti gbé ìlú òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì padà wá ra ilẹ̀ yanrìn lẹ́bàá òkun, kí ènìyàn tó dé Ìlasàn. Ó fi páànù yí i ká, ó ní ọgbà ìṣeré lòun ń ṣe. Ní ọjọ́ kan ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Tájù nínú mọ́tò funfun, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, ìlú òyìnbó kò gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Bàbá bá òun ká lọ wo nǹkan.

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀, ẹnu ya Tájù. Ẹnu ọ̀nà ọgbà náà, ẹnu ẹja àbùùbùtán ni, eyín funfun lókè, eyín funfun nísàlẹ̀. Ènìyàn á wọ inú ẹja kọjá kó tó rí ohunkóhun. Nínú lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ ńlá onírin kan ń yí, ìbátan jangilófà gan-an ni, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ló ń yí i, gbogbo ìjókòó rẹ̀ ló sì rí bí ẹja. Àwọn òṣìṣẹ́ so lẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn. Ilé ìgbẹ́ pàápàá, wọ́n ya akàn sí i lára. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sókè: Ààfin Olókun.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n là á yé yín,” ni Ọ̀gá wí, ojú rẹ̀ ń dán. “Oríṣi ọgbà ìṣeré méjì ló wà. Ti àtijọ́, wọ́n á kan to ẹ̀rọ síbẹ̀ ni. Èyí ń yí, èyí ń fì, ọmọ á gun èyí tó wù ú, á máa lọ sílé. Bíi tiyín nìyẹn, mi ò bú yín o. Ṣùgbọ́n ti ìsinsìnyí, ìtàn kan ló máa ń ní. Ilé ibẹ̀, aṣọ ibẹ̀, orin ibẹ̀, ìtàn yẹn ni gbogbo wọn ń sọ. Ọmọ tó bá wọlé níbí, abẹ́ òkun ló wọ̀. Kò gbọ́dọ̀ rí ohun tó máa rán an létí ilé títí tó fi máa jáde.”

“Ó dára,” ni Tájù sọ. Ó wo jẹnẹrétọ̀ yẹn, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tí kò gbin. “Kí wá ni tèmi níbẹ̀?”

“Mò ń wá Olókun fúnra rẹ̀. Àgbàlagbà tó níyì, tó ní irùngbọ̀n gidi. Á jókòó sórí ìtẹ́, àwọn ọmọ á wá kí i. Kò ní sọ̀rọ̀ rárá. Á kan máa gbé ọ̀pá sókè ni.”

“Kí n jókòó?”

“Kẹ́ ẹ jókòó, Bàbá.”

“Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́?”

“Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.”

Ẹ̀yin ará, tí ẹnìkan bá ti ń ti nǹkan lọ sókè fún ogún ọdún, tí ẹlòmíràn wá ní kó wá jókòó kí wọ́n máa sanwó fún un, kí lẹ rò pé ó máa sọ? Kò tilẹ̀ béèrè iye tó jẹ́. Nígbà tó délé, Mùínàt káwọ́ lérí. Ó ní, “Ẹ máa kírun tán, ẹ ó wá lọ ṣe Olókun? Alùfáà á gbọ́ o!” Tájù ní, “Wọ́n ní kí n jókòó ni, Ìyá Modúpẹ́. Jíjókòó! Fíráónà pàápàá, mo lè ṣe é, tí wọ́n bá ti gbé àga fún mi.” Mùínàt rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Alùfáà gbọ́ lóòótọ́. Ó ní kó ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni forí balẹ̀ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni Tájù di Olókun. Wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ àrán aláwọ̀ ewé, wọ́n dé e ládé tó kún fún owó ẹyọ, wọ́n fún un lọ́pá tó rí bí ẹja. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dúró ló ń sọ ìtàn nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹnu dùn ún! Á ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo Ọba omi! Tó bá gbé ọ̀pá sókè, ìjì á dákẹ́!” Tájù á gbé ọ̀pá sókè, pẹ̀lú ọwọ́ òsì, nítorí ọ̀tún kò gbà. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ó parí.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìgbádùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lẹ́kún. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí i lára, tìmùtìmù wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pariwo, “Bàbá, ẹ tún tì í! Bàbá, ó kù díẹ̀!” Nígbà tó yá ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọmọ náà dáadáa, iṣẹ́ mìíràn kò kúkú sí fún ojú rẹ̀. Nínú jangilófà tirẹ̀, ọmọ kan á ní inú bàálù tó ń lọ Mẹ́kà lòun wà. Èkejì rẹ̀ nínú àpótí kan náà á ní irọ́ ni, lọ́rì Ìjẹ̀bú-Òde làwọn wọ̀. Wọn á jà á, wọn á sì parí rẹ̀ kí àpótí tó wálẹ̀. Ní Ààfin Olókun, wọ́n ti sọ fún ọmọ pé ẹja ló gùn, ẹja náà ló sì máa gùn títí tó fi máa jáde. Ní pápá, ó mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó mọ èyí tí òòyì máa ń kọ́, ó mọ èyí tó ń purọ́ pé ẹ̀rù ò ba òun. Níbí, orí ìtẹ́ ló ti ń wo wọ́n, wọ́n ń kọjá lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká ṣe àgàbàgebè. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ibẹ̀ ju pápá lọ. Ó rí i lójú wọn. Inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀, nítorí tí wọ́n bá fẹ́ràn ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní í wá jí òun láti wá ti àpótí. Ó sọ fún Mùínàt pé tí Iléyá yìí bá ti kọjá, òun á tú jangilófà palẹ̀, òun á fi igi rẹ̀ kan bẹ́ńṣì.

Iléyá ku ọ̀túnla nígbà tí Sìlífátù wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ Sìdíkàt ni, obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ọmọ bíi ọdún mẹ́sàn-án, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní ìtìjú, tó máa ń kúnlẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ Ràṣídì àbúrò rẹ̀ ló dì mú, èyí tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Bàbá wọn ti wọ mọ́tò lọ sí Kútọnu láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

“Bàbá, wọ́n ní ẹ ti di Olókun.”

“Wọ́n ní bẹ́ẹ̀.”

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan ra èkejì. “Ràṣídì ló ń béèrè o, Bàbá. Ó ní ṣé ti àṣálẹ́ máa wà lọ́dún yìí.”

Tájù wo Ràṣídì. Ràṣídì ń jẹ àtàǹpàkò rẹ̀, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sán gangan ni Sìlífátù gun jangilófà, nínú aṣọ léèsì pupa tó ń kọ mànà. Kò lọ ti àṣálẹ́ rí láyé rẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe Tájù débi pé ó gbé ayùn sílẹ̀.

“Sọ fún Ràṣídì pé ó máa wà. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìrun Màgàríbì, kẹ́ ẹ lọ jókòó sínú àpótí, kẹ́ ẹ dúró dè mí. Ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ tó jókòó tán, mo ti dé.”

“Ṣé ẹ ò ní pẹ́?”

“Mi ò ní pẹ́. Ràṣídì kọ́ ni mo máa já kulẹ̀.”

Sìlífátù rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó ń fa àbúrò rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ta ni kí n bínú sí? Ọkùnrin náà kò purọ́. Ó lọ bá Ọ̀gá lọ́jọ́ kejì, ó ní lọ́jọ́ ọdún, òun gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́yìn ìrun Alaásárì, òun ní ohun pàtàkì láti ṣe nílé. Ọ̀gá ní kò sí wàhálà, dẹ́rẹ́bà lọ́rì máa wá mú Bàbá. Mùínàt náà gbà, pẹ̀lú ìkùnsínú. Ó ní ti àṣálẹ́ yẹn nìkan o, kó má lọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sán.

Iléyá dé. Ọgbà kún dẹ́múdẹ́mú. Ọ̀gá Ọ̀ṣuntọ́lá fi lọ́rì ńlá kó àwọn ọmọ Ajah wá lọ́fẹ̀ẹ́, kí ìlú lè mọ̀ pé ọgbà tòun ti dé. Aṣọ tuntun lóríṣiríṣi ń tàn yòò nínú oòrùn. Láti òwúrọ̀ ni Tájù ti ń gbé ọ̀pá sókè. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n pín ẹran àgbò àti ìrẹsì fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ó jẹun yó, ó yẹ̀bá kírun Alaásárì, ó padà sórí ìtẹ́ pé kí òun kàn fẹ̀yìn tì í títí dẹ́rẹ́bà fi máa dé. Atẹ́gùn òkun fẹ́. Tìmùtìmù gbà á mọ́ra. Ogún ọdún ó lé tó ti ń dúró sójú kan tó ń ti nǹkan lọ sókè, àárẹ̀ gbogbo rẹ̀ ló wá mú un lọ́wọ́, mú un lẹ́sẹ̀ pa pọ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Adé ṣí bo ojú. Tájù sùn.

Ẹ ò rí nǹkan! Ká ní pápá jangilófà ló ti sùn lọ, ọmọdé mẹ́wàá ni ìbá fa etí rẹ̀. “Bàbá, ẹ dìde, ó kàn mí!” Ṣùgbọ́n ọgbà ìtàn ni wọ́n wà. Dúró wẹ̀yìn, ó rí Olókun tó ń hanrun. Ọmọ náà gbọ́n, ọgbọ́n yẹn ló sì ba nǹkan jẹ́. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ! Kábíyèsí ti sùn! Tí Olókun bá sùn, òkun á pa rọ́rọ́. Ẹni tó bá jí i, ìgbì á gbé e lọ! Ẹ fi ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ jẹ́jẹ́.”

Háà, inú àwọn ọmọ dùn! Wọ́n fi ìka sẹ́nu, wọ́n ń yọ́ kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n ń di ẹ̀rín mọ́ra. Àwọn òbí ń tò láti wá wò ó. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ yọjú, ó ní, “Ẹ wo bí Bàbá ṣe mọ̀ ọ́n ṣe!” Dẹ́rẹ́bà dé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán an, ó na ọwọ́ kó jí i, Dúró gbá ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ ba ìtàn jẹ́ ni? Ìwọ ò rí i pé wọ́n ń ṣeré?” Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Gbogbo wọn gbà pé ó ń pirọrọ ni. Dẹ́rẹ́bà bá padà lọ jókòó sínú lọ́rì.

Ìgbà tí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ jí Tájù. Ó lajú. Oòrùn ti wọ̀, ojú ọ̀run kù pupa díẹ̀. Wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ Ajah padà sẹ́yìn lọ́rì.

“Ta ní ní kẹ́ ẹ má jí mi?” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Olókun sọ̀rọ̀ ní ààfin rẹ̀. “Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ta ní ní kẹ́ ẹ má jí mi?”

Dúró ń rẹ́rìn-ín sí i. “Bàbá, ẹ ṣe é dáadáa! Ọ̀gá ní ojoojúmọ́ lẹ ó máa sùn báyìí!”

Tájù kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré, bí orúnkún ṣe lè jẹ́ kó sáré, ó gun iwájú lọ́rì lọ pẹ̀lú aṣọ àrán lọ́rùn. Ó bẹ dẹ́rẹ́bà kó fò. Dẹ́rẹ́bà ní ọmọ ọlọ́mọ ló wà lẹ́yìn òun, òun ò lè fò. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ń kọrin, wọ́n ń jókòó lé ara wọn lórí nínú aṣọ ọdún. Tájù ń wo ojú ọ̀nà, ó ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Ó gbọ́ ìpè Màgàríbì láti mọ́ṣáláṣí kan, ó gbọ́ ọ láti òmíràn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò tíì bàjẹ́. Òkùnkùn náà lòun kúkú ń fẹ́. Tí òun bá ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, òun á rìn wọ pápá, òun á gbá àpótí mú, ohun gbogbo á rí bó ṣe máa ń rí.

Ṣùgbọ́n lọ́rì gbọ́dọ̀ yí padà kó tó lè gba ọ̀nà ọgbà lọ, ọ̀nà náà kò sì fẹ̀. Dẹ́rẹ́bà rí pápá tó ṣófo lápá òsì. Kó tó di pé Tájù ṣí ẹnu, ó ti já a síbẹ̀.

Iná iwájú lọ́rì mú òpó, ó mú irin, ó wálẹ̀ sórí àpótí. Àwọn ọmọ ti àṣálẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n jókòó bí ó ṣe ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró dè é bí ó ṣe ní kí wọ́n dúró. Ọ̀kan wọ búbà tó ti kúrú dé ìdodo. Ọ̀kan fi ìró ìyá rẹ̀ kọ́rùn. Sìlífátù wà nínú àpótí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú Ràṣídì, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ló wọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, kọ́là rẹ̀ dúró ṣánṣán. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé Bàbá ti dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ojú àwọn ẹgbẹ́ wọn lókè lọ́rì, tó ń wò wọ́n.

Ohùn ọmọ kan bú sókè láti ẹ̀yìn lọ́rì. “Ẹ wo Sìlífátù! Aṣọ ilé-ìwé ló fi ṣọdún!” Ẹ̀rín sì gba gbogbo lọ́rì kan.

“Paná!” Tájù ń lu iwájú lọ́rì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Dẹ́rẹ́bà, mo ní kó o paná!”

“Bàbá, mi ò tíì yí tán. Ṣé kí n kọ lu òpó ni?”

Àwọn tó kù ti bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti sá wọ òkùnkùn. Sìlífátù nìkan ni kò lè sá, nítorí Ràṣídì há sí àárín ìjókòó, ó ń sunkún. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fà á yọ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, kò gbé ojú sókè, títí lọ́rì fi yí, tó sọ àwọn ọmọ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tó sì lọ. Ìgbà yẹn ni òkùnkùn tó padà.

Tájù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó já adé kúrò lórí. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ náà, orúnkún kò gbà fún un, ó wá di òpó mú.

“Sìlífátù, padà jókòó. Ilẹ̀ ti ṣú. Kò sẹ́ni tó lè rí yín mọ́. Màá tì yín títí di Ìṣáì. Màá tì yín títí ẹ̀yin fúnra yín á fi ní ó tó. Oorun ló gbé mi lọ, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí ni. Jọ̀ọ́, padà jókòó.”

Ọmọ náà gbé Ràṣídì pọ̀n. Ó so ó dáadáa, ó kúnlẹ̀ fún un tòun ti àbúrò lẹ́yìn, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

“Ẹ kú ọdún, Bàbá,” ló wí. “Ẹ lọ sinmi. Ẹ má dààmú nítorí tèmi mọ́. Ọdún tó ń bọ̀, mi ò ní jáde.”